AWON TO KU

Ẹni tó bá wọ ilé Fọ́tò lọ́sàn-án gangan á kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀, torí pé kọ́tìnì dúdú ló fi dí gbogbo fèrèsé pálọ̀. Kì í ṣe ọ̀fọ̀, iṣẹ́ ni. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ìta máa ń purọ́ fún ojú kọ̀ǹpútà, pé bí oòrùn bá ti tàn sí i, ẹni pupa á di dúdú, ẹni dúdú á di èédú, oníbàárà á sì padà wá fìjà pẹ́ẹ́ta. Nígbà tí ọ̀fọ̀ wá wọ ilé náà lóòótọ́, kọ́tìnì ti wà nílẹ̀, wọn ò ní láti ra òmíràn.

Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, tọmọdé tàgbà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Ọ̀gá Àṣekù, orúkọ náà sì bá a mu bí ẹ̀wù tí wọ́n wọn ara rẹ̀ rán. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ o. Èèyàn tó lè jókòó sídìí àwòrán kan ṣoṣo láti ìgbà tí wọ́n jẹun àárọ̀ títí wọ́n á fi tún pè é sí oúnjẹ, ta ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lẹ? Ṣùgbọ́n ti ará ìta ló máa ń parí. Ti ilé, ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn náà á dé, á tún ní ọ̀la tirẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tó bá ti òde dé, á yọ káàdì inú kámẹ́rà, á da gbogbo àwòrán inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, á ṣe ẹ̀dà kan sínú díìsìkì kékeré tó ń gbé inú dúrọ́ọ̀, lẹ́yìn náà á nu káàdì mọ́ fún iṣẹ́ míì. Á wá máa ṣa àwọn àwòrán náà bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Èyí tí ẹni inú rẹ̀ dijú, èyí tó gbọ̀n, èyí tí orí ẹnìkan ti gé kúrò, òkú ni ó ń pe gbogbo wọn. "Èyí ti kú," á sọ bẹ́ẹ̀, á tì í sí kọ̀rọ̀ kan nínú fódà iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó yè ló máa wá tún ṣe. Á tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣú, á nu irorẹ́ kúrò, á dín ìlà iwájú orí kù, á fọ eyín ní ìwọ̀nba kó má baà dà bí eyín tí wọ́n rà. Òfin kan ṣoṣo ló ní nídìí iṣẹ́ yìí: àwòrán tí ọwọ́ òun ò tíì kàn kò gbọdọ̀ jáde nílé, bí wọ́n tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Òfin yẹn ló kó bá a. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́. Òun ló ń gbé pátákó funfun tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú èèyàn, òun ló ń tún kọ́là ṣe, òun ló ń mú ọmọ tó ń sunkún rẹ́rìn-ín. Kí àwọn oníbàárà tó jáde wá, á ní kí ìyàwó náà dúró síbi tí wọ́n máa dúró sí, á fi dán ìmọ́lẹ̀ wò. Ìyàwó á máa bú u, á ní òun kì í ṣe gílóòbù, á sì máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bú u. Fọ́tò á tẹ kámẹ́rà. Báyìí ni àwòrán obìnrin náà ṣe pọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni láyé lọ, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì ní ẹyọ kan lọ́wọ́. Tó bá béèrè pé tòun ńkọ́, ọkọ á ní, "Tìẹ ṣì kù." Fódà tó kó gbogbo wọn sí, ó sọ ọ́ ní AWON TO KU, ìyẹn àwọn tó ṣẹ́ kù tí òun ò tíì ráyè tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ta ló ráyè máa wá àmì ohùn kiri lórí kọ̀ǹpútà?

Kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú díìsìkì inú dúrọ́ọ̀. Díìsìkì yẹn, ti oníbàárà ni, torí oníbàárà ló lè pe èèyàn lẹ́jọ́. Ìyàwó ẹni kì í peni lẹ́jọ́ nítorí fọ́tò.

Àìsàn tó mú obìnrin náà lọ bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí òtútù bá ń mú èèyàn. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń wá àwòrán tí wọ́n máa gbé síwájú pósí, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni Fọ́tò mú, ó fẹ̀ ẹ́ títí ojú obìnrin náà fi dà bí ohun tí wọ́n fi omi là. Wọ́n tún ní ti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn lára ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin ló wà nínú ìyẹn, ó sì fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ nítorí pé ẹ̀rù ẹni tó ń ya fọ́tò ń bà á. Ọmọ wọn kùn. Ó ní ṣé ilé ayàwòrán rèé tí wọn ò rí àwòrán. Bàbá rẹ̀ ní ó wà, ó pọ̀ jaburata, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló kù. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé òun ò lè ṣí fódà náà. Ó ti gbìyànjú, ọwọ́ rẹ̀ ń dé orí máòsì, ó sì ń padà.

Ọmọ yìí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Pásípọ́ọ̀tù ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn ni bàbá ti yọjú wo inú aṣọ tí wọ́n fi wé e, tó ní ìyàwó òun náà nìyí, pé ìwọ̀n pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kàn fọ̀ ọ́ sí. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí ó fi dàgbà, tó kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun ló ń wá ran bàbá lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀.

Ní ọ̀kan lára irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Fọ́tò wà ní ilé ìwé kan, ó ń to àwọn ọmọ kíláàsì kékeré sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì ń já bọ́ bí ó ṣe ń tò wọ́n. Ọkọ ìyàwó kan wá sílé láti gba àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, ó ń kánjú. Pásípọ́ọ̀tù fẹ́ kọ́kọ́ dì wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó tó kó wọn sínú fúláàṣì fún un, ẹ̀rọ náà ní òun ti yó, kò sí àyè nínú òun mọ́. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá fi èjìká di fóònù mú, ó fi ọwọ́ kan di ọmọ kan mú kó má baà ṣubú.

"Wá àwọn tó kú, kó o kó wọn dànù," ó ní.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Kí lo fẹ́ fi òkú ṣe?"

Ó tún rán an létí pé kó da agbọ̀n ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà nù pẹ̀lú, torí pé àyè kì í padà wá bí agbọ̀n náà bá ṣì kún. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà kan. Àwọn òkú tó ní lọ́kàn ni àwọn àwòrán tó gbọ̀n nínú fódà ìgbéyàwó ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n Pásípọ́ọ̀tù gbójú sókè, ó rí i lójú kọ̀ǹpútà gbàgàdà: AWON TO KU. Ó ṣí i, ó rí fódà kéékèèké tí wọ́n kọ déètì nìkan sí, ó pa á dé. Oníbàárà ń wo aago. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó da agbọ̀n nù, àyè ṣí sílẹ̀ rẹpẹtẹ, ọkọ ìyàwó gba fúláàṣì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tí Fọ́tò délé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kọ̀ǹpútà ń sáré bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Kò béèrè bí ìwọ̀nba àwòrán tó gbọ̀n ṣe lè gba àyè tó tó bẹ́ẹ̀. Ó da àwòrán ilé ìwé sí i, ó da ìgbéyàwó kan sí i, ó tún da òmíràn lé e.

Nígbà tó yá, Pásípọ́ọ̀tù ríṣẹ́ sí òkèèrè. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló gbà á, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbéni dé ibẹ̀, tí èèyàn ò sì lè sọ pé òun fẹ́ sáré wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó wá sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá yọ̀, ó sì bà á nínú jẹ́, ó wá fi àwàdà bo méjèèjì mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n má lọ fi òtútù sọ ọmọ òun di ẹja inú yìnyín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ohun tó bá wá gan-an.

"Dádì, ẹyọ kan ni mo fẹ́. Fọ́tò Mọ́mì tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò fẹ́ ti káàdì yẹn."

Bàbá ní kò sí wàhálà. Ó ní àsìkò ti tó tí òun máa kojú iṣẹ́ yẹn, pé kó tó dọjọ́ tó máa lọ, á gba èyí tó dáa jù. Inú rẹ̀ fúyẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń wò ó pé bóyá ohun tí òun ti ń dúró dè nìyẹn, kí ẹnìkan béèrè.

Ọjọ́ kejì ló jókòó, ó fa kọ́tìnì, ó nu ojú kọ̀ǹpútà. Kò rí fódà náà. Ó wo ibi tó máa ń wà, ó wo ibi tí kì í sí, ó tẹ orúkọ rẹ̀ kí ẹ̀rọ bá òun wá a. Ẹ̀rọ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tú dúrọ́ọ̀, ó kó gbogbo káàdì jáde, ó ń tì wọ́n bọ kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú àwọn àjèjì ló ń bá nínú wọn. Pásípọ́ọ̀tù wà ní kíṣìnì, ó ń fọ abọ́. Fọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ́gbọ́n bi í, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò tilẹ̀ jẹ lógún, pé kí ló pa rẹ́ níjọ́ tí ọkọ ìyàwó yẹn wá.

"Àwọn tó kú náà ni," ọmọ náà dáhùn láìwẹ̀yìn. "Ẹ kúkú kọ ọ́ sí i. Ó ti pọ̀ jù, Dádì. Ẹ ò bá ti dà á nù tipẹ́."

Fọ́tò di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó rí ọ̀rọ̀ náà lójú ara rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà gbọọrọ gbọọrọ láìsí àmì, ó sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ẹlòmíràn ṣe lè kà á. Òun ló kọ ọ́, òun náà ló tún fi ẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n pa á rẹ́. Ọmọ yìí ló sì pa ìyá rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń fọ abọ́ yìí, kò sì mọ̀.

"O ṣeun," ni Fọ́tò sọ. Ó padà sí pálọ̀.

Ibẹ̀ ló ti pinnu. Pásípọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ mọ̀ láé. Á gba àwòrán ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òun, á sì lọ sí òkèèrè rẹ̀ láìru ẹrù yìí. Bí ọmọ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì lọ ń gbé ilẹ̀ ibi tí kò ti lẹ́nìkan, kí ló máa fi ara rẹ̀ ṣe? Ìyẹn nìkan ló kù tí Fọ́tò fẹ́ láyé, ó sì fẹ́ ẹ gidigidi.

Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìkòríta. Dókítà ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ fi etí tì í láyà. Dókítà gbọ́ ẹjọ́, ó ní kò burú, pé bí èèyàn bá pa nǹkan rẹ́, kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni wọ́n kàn yọ kúrò, pé ẹrù ṣì wà nínú yàrá títí ayálégbé tuntun á fi kó wọlé. Ojú Fọ́tò tàn. Dókítà wá béèrè bóyá ó ti da nǹkan míì sórí ẹ̀rọ náà látìgbà yẹn. Fọ́tò ka ìgbéyàwó, ó ka ilé ìwé, ó tún ka ìgbéyàwó. Dókítà yọ etí lára kọ̀ǹpútà.

"Háà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti kó ayálégbé wọlé, bàbá."

Síbẹ̀, ó gbìyànjú. Ó fi ètò kan tó ń wú nǹkan jáde sí i, ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò ń lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, àwọn èèyàn ń kí i, kò gbọ́. Ohun tó jáde pọ̀, ṣùgbọ́n bí àwo tó fọ́ ló rí. Ìdajì ilẹ̀, apá kan pátákó funfun, ọwọ́ obìnrin kan láìsí obìnrin. Nínú òmíràn, ibi tó yẹ kí orí ìyàwó rẹ̀ wà, ọkọ ìyàwó kan ló yọ síbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín kèèkèè, àjèjì pátápátá, nínú àwòrán tí Fọ́tò dà sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó wò ó pẹ́. Òun náà ló kúkú fọ eyín ọkùnrin yẹn funfun.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló dára díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn ilé kan, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lórí rẹ̀. Irun rẹ̀ pé, iwájú orí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ méjèèjì pé, wọ́n kún fún ẹ̀rín débi tí igun wọn ti rún. Imú rẹ̀ náà pé. Láti ìsàlẹ̀ imú lọ, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ eérú, kò sí ẹnu, kò sí àgbọ̀n, kò sí ọrùn. Dókítà ní kó má bínú, pé ibi tí agbára òun mọ nìyẹn. Fọ́tò ní kò bínú. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ sílé.

Kí wá ni ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe máa ṣe, bí kò bá tún un ṣe? Ó sọ fún Pásípọ́ọ̀tù pé kó wá ya fọ́tò fún ìwé ìrìnnà. Ọmọ náà jókòó síwájú aṣọ funfun. Bàbá ní kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ní wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ìwé ìrìnnà, pé Dádì ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Bàbá ní èyí tó máa wà lọ́dọ̀ òun ni, kí òun máa rí i tó bá lọ tán. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó tún rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Fọ́tò ń tẹ kámẹ́rà, kò lè wò ó lójú.

Ó gé ẹnu ọmọ, ó gbé e sójú ìyá. Ó bá a mu ju bó ṣe rò lọ, ìyẹn gan-an sì bà á lẹ́rù. Ó gbé àgbọ̀n síbẹ̀, ó gbé ọrùn síbẹ̀. Ẹni tó ti ń pa ìlà ojú àwọn èèyàn rẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun náà ló wá ń fa ìlà sójú báyìí, ó ń wú awọ ọrùn kó rí bíi ti àgbàlagbà, ó ń kó òjìji sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ ní èjí níwájú eyín, ọmọ ò ní. Ó fi máòsì la eyín ọmọ níyà. Èyí tó kọ́kọ́ là fẹ̀ jù, ó dí i, ó tún un là. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó sídìí rẹ̀, oníbàárà ń pè é, kò gbé fóònù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ti ilé ló ṣe ṣáájú ti ìta. Bó bá ti wo ẹnu náà pẹ́, á ní rárá, á yí i padà díẹ̀, á tún wò ó. Nígbà tó yá, kò sọ rárá mọ́. Ó rò pé nítorí pé ó ti dáa ni.

Ó fọ àwòrán náà, ó fi férémù sí i. Ní ọjọ́ tí Pásípọ́ọ̀tù máa lọ, tí àpò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí pápákọ̀, Fọ́tò gbé férémù náà fún un.

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó ní, "Mọ́mì mi." Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ìyá rẹ̀ lórí gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó dúró níbẹ̀, kò gbéra.

"Dádì," ó ní, "ẹnu mi nìyí."

Fọ́tò ní ṣé ó gbàgbé pé àwọn méjèèjì jọra ni, pé kí ló dé tó ń jẹ́ Pásípọ́ọ̀tù.

"Mo mọ ẹnu mi. Èyí tẹ́ ẹ yà níjọ́ yẹn ni. Mọ́mì kì í rẹ́rìn-ín báyìí." Ó gbójú sókè. "Ẹnu Mọ́mì dà?"

Bàbá ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà ló bàjẹ́ díẹ̀, pé òun kàn fi tirẹ̀ bo ibẹ̀ ni. Ọmọ ní kò burú, kó fún òun ní òmíràn. Bàbá wo ògiri, ó wo kọ́tìnì. Irọ́ pọ̀ tí èèyàn lè pa níbẹ̀, ó sì ti to díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀kan mú. Ó ní kò sí òmíràn. Pásípọ́ọ̀tù jókòó lé àpò rẹ̀.

"Èyí tí mo pa rẹ́ yẹn ni," ó ní. Kì í ṣe ìbéèrè.

Fọ́tò sáré sọ pé òun lòun ní kó pa á rẹ́, pé òun lòun kọ orúkọ burúkú sí i, pé àwọn tó ṣẹ́ kù lòun ní lọ́kàn, pé kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Ọmọ ò bá a jiyàn. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ sórí gíláàsì, ó ń fi apá aṣọ nù ún kó má baà wọ inú àwòrán, bí ẹni pé àwòrán náà ṣì tó nǹkan tí èèyàn ń tọ́jú.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde. Ó ní kí àwọn ṣe é nísinsìnyí, kí ọkọ̀ tó dé. Ó ní kí Dádì yọ ẹnu òun kúrò, kó wá ya ti Mọ́mì gan-an síbẹ̀, pé Dádì kúkú mọ bó ṣe rí, ó ti wo Mọ́mì láti inú kámẹ́rà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó fa àga, ó jókòó tì í bó ṣe máa ń jókòó nígbà tó wà lọ́mọdé. Fọ́tò ṣí àwòrán tí Dókítà rí yọ. Ojú ìyàwó rẹ̀ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, eérú sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ imú rẹ̀. Fọ́tò gbá máòsì mú.

"Ẹ̀gbẹ́ wo ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè?" ọmọ náà bi í. "Ẹnu wọn. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín."

Fọ́tò dijú. Ó wá ìyàwó rẹ̀ lọ sí gbogbo ibi tó ti máa ń dúró rí, ẹ̀yìn ilé, àgbàlá ilé ìwé, iwájú àga tọkọtaya, níbi tó ti ń bú u pé òun kì í ṣe gílóòbù. Obìnrin náà dá a lóhùn níbi gbogbo, ó yíjú sí i níbi gbogbo. Ẹnu tí Fọ́tò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló wà lójú rẹ̀ níbi gbogbo, pẹ̀lú eyín tó fi máòsì là.

"Ọ̀tún," ó ní.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá," ó ní. "Mi ò rí i mọ́. Èyí tí mo ṣe yẹn ni mò ń rí."

Pásípọ́ọ̀tù náà wá dijú. Fọ́tò ń wo ojú rẹ̀, ó ń dúró dè é, torí ọmọ tó ti orí ọmú wo ojú ìyá rẹ̀ kò yẹ kó gbàgbé. Ètè ọmọ náà ń gbọ̀n bí ẹni tó ń dán ẹ̀rín kan wò, ó gbé e sókè lápá ọ̀tún, ó gbé e sókè lápá òsì. Ó lajú.

"Èyí tẹ́ ẹ ṣe yẹn náà lèmi ń rí," ó ní.

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Wọ́n jókòó síwájú àwòrán náà, kò sí èyí tó dìde nínú àwọn méjèèjì.